Orúkọ wà níwájú mi, àpótí ìwárí ní kò sí! Ẹ gbà mí

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣe ìwé orúkọ orí kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí ní Kubwa. JavaScript, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, àmọ́ àwọn Hausa àti Gbagyi náà wà níbẹ̀. Bí akọ̀wé bá tẹ "Ṣọlá" sínú àpótí ìwárí, á ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ náà wà níbẹ̀ gbagada! Akọ̀wé bá tún un kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n pe bàbá náà ní onígbèsè lójú gbogbo èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ orúkọ kejì ni owó rẹ̀ ń wọlé sí. Díẹ̀ ló kù kí bàbá gbé àga. Èmi ni gbogbo wọn yíjú sí.

Mo fi === wé orúkọ tó wà nílẹ̀ àti èyí tí akọ̀wé tẹ̀, false ló ń sọ, pé wọn kò dọ́gba. Kí ló fà á?

Ará Nyanya:
Sọ fún wọn kí wọ́n yé fi àmì sórí orúkọ. Gbogbo ayé ló ń kọ Sola. Ó parí.

Àǹtí Kóòdù, Kàdúná:
Ará Nyanya, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o.

Àbúrò, fi eléyìí wo orúkọ méjèèjì, á fi nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan hàn ọ́:

`[...s].map(c => c.codePointAt(0).toString(16))`

Ọ̀kan á fún ọ ní 1e62 1ecd 6c e1. Èkejì á fún ọ ní 53 323 6f 323 6c 61 301. Ẹyọ 4 ni ti àkọ́kọ́, ti èkejì jẹ́ 7. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, gbà kí èèyàn kọ ṣ bí ẹyọ kan, ó sì tún gbà kó kọ s kó wá fi àmì sí i lábẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kan ń ṣe tibí, òmíràn ń ṣe tọ̀hún, ojú wa kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Kí o tó fi orúkọ pamọ́, kọ́kọ́ ṣe `s.normalize('NFC')`, á so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ohun tí akọ̀wé bá tẹ̀ sínú àpótí ìwárí náà, ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa:
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ṣọlá ti jáde! Ṣùgbọ́n "Ọlá" kan wà tó takú pátápátá. Mo wò ó bí ẹ ṣe ní kí n wò ó: 4f 329 6c e1. Èwo tún ni 329?

Bàbá Sábó, Kánò:
Háà, mo mọ ìyẹn. Ìlà wẹ́wẹ́ tó dúró lóòró lábẹ́ lẹ́tà ni. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwa nílé ìwé, ìlà la máa ń fà sábẹ́ ọ, a kì í fi àmì roboto kékeré sí i. Àwọn kan ṣì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. NFC kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ìwọ lo máa sọ fún un:

`s.replace(/\u0329/g, '\u0323').normalize('NFC')`

Ìyẹn fún ìpamọ́. Ti ìwárí yàtọ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kejì tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, kí o bọ́ gbogbo àmì kúrò nínú rẹ̀, kí ẹni tó tẹ "sola" àti ẹni tó tẹ "Ṣọlá" lè débi kan náà. Kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, má fọwọ́ kàn án. Orúkọ tí bàbá ẹni sọ ẹni ló gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì. Fún kọ́lọ́ọ̀mù kejì, NFD á tú àmì kúrò lára lẹ́tà, replace á wá pa àmì náà rẹ́:

```
function foOruko(s) {
  return s.normalize('NFD')
    .replace(/[\u0300-\u036f]/g, '')
    .toLowerCase();
}
```

(Mo mọ̀ pé n kò fi àmì sórí orúkọ function náà. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.)

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa:
Bàbá, Ọlá àti Ọ̀la ò wá ní di ọ̀kan náà báyìí?

Bàbá Sábó, Kánò:
Wọ́n á di ọ̀kan. Jẹ́ kí àwọn méjèèjì jáde, kí nọ́ńbà fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí akọ̀wé fojú ara rẹ̀ yàn.

Àǹtí Kóòdù, Kàdúná:
Bàbá, ẹ gbàgbé àwọn tá a jọ ń gbé o! Ɗanladi kò ní di danladi pẹ̀lú ìyẹn. Ìkọ́ orí ɗ, ara lẹ́tà ni, NFD kò lè tú u. Ẹ fi èyí kún un lẹ́yìn toLowerCase:

`.replace(/ɗ/g,'d').replace(/ɓ/g,'b').replace(/ƙ/g,'k').replace(/['’]/g,'')`

Tìtorí 'Yar'aduwa ni èyí tó gbẹ̀yìn. Fóònù kan ń tẹ ' tó nà gbọọrọ, òmíràn ń tẹ ’ tó tẹ̀. Ojú mi ti rí i níbí.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa:
Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Bí mo bá kó irú orúkọ yẹn jáde sí CSV, fáìlì tábìlì lásán, tí mo wá fi Excel ṣí i, ṣe ló máa ń dà bí ìwé oṣó.

Àǹtí Kóòdù, Kàdúná:
Fi `'\ufeff'` sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ fáìlì náà, Excel á mọ̀ pé UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ Unicode sínú fáìlì, ni. Bó bá jẹ́ Python lẹ fi kọ ọ́, ẹ lo `encoding='utf-8-sig'`.

Ọmọ Ìlọrin ní Kubwa:
Ó ti ṣiṣẹ́ o! Orúkọ mẹ́rìndínlógún ni mo bá tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti akápò la jọ da owó wọn pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò jẹ́ kí kóòdù dá a ṣe. Mo ti lọ bẹ bàbá nílé. Ó ní òun á gbọ́ ní ìpàdé.

Ará Nyanya:
Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń rí ọ̀ tẹ̀ lórí fóònù? Tèmi ò ní in.

Àǹtí Kóòdù, Kàdúná:
😂 Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google. Ẹ lọ sí Languages, ẹ yan Yorùbá.