Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bi Ọlọ́run ní ìbéèrè tó le rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ kú ilé o. Tèmi ni pé AS ni genotype ẹ̀jẹ̀ mi, bọ̀dá tí mo fẹ́ fẹ́ náà, AS. A ò mọ̀ títí tá a fi lọ gba fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì wá, bẹ́ẹ̀ a ti mọ ara wa nílé o, màmá ẹ̀ ti ń pè mí ní ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa pé gbogbo oyún tá a bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà máa jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn sickle cell. Ó sọ̀rọ̀ tán, bọ̀dá yìí ní kí ni Ọlọ́run ò lè ṣe, ó ní ká gbààwẹ̀.

La bá bẹ̀rẹ̀. A gorí òkè, a ṣọ́ òru, a tún lọ sí Ìkéjì-Arákejì níbi tí Bàbá Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run lọ́dún 1928, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì tí wọ́n ń wà dédé kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi náà ń retí kí ohùn kan sọ̀rọ̀. Olúwa, yí ẹ̀jẹ̀ mi padà, àdúrà mi ò ju ìyẹn lọ. A dé, mo tún tẹ́ẹ̀sì ṣe, AS. Mo lọ síbòmíì, AS náà ni.

Màmá kan nínú àwọn ìyá aládùúrà wa ló pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń bi Ọlọ́run gan-an? Mo ní kó fi ìfẹ́ ẹ̀ hàn mí ni mà. Wọ́n ní kí ló kù tó fẹ́ fi hàn ẹ́ tí àwọn onítẹ́ẹ̀sì ò tíì fi hàn ẹ́? Wọ́n wá gbàdúrà fún mi, wọn ò pariwo rárá, wọ́n kàn ní Olúwa, fún un lágbára tó máa fi ṣe ohun tó ti mọ̀. Ni mo bú sẹ́kún. A pínyà lọ́dún yẹn. Ṣé inú mi dùn? Inú mi ò dùn o, àmọ́ mi ò lè sọ pé àdúrà yẹn ò gbà.

Ìyá Ìbejì:
Sisí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa ò pínyà ní tiwa, a fẹ́ra, ẹ má wò wá ṣe o. SS ni àkọ́bí wa. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ wa ni ò tó. Ẹ gbà mí! Tí kíráísìsì, ìyẹn ìrora SS, bá dé lóru tí ọmọ ń ké mọ́mì ẹsẹ̀ mi, mọ́mì ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n wá fi ìgbàgbọ́ tiwọn tó tó bá mi gbé e. Èmi á máa fọwọ́ pa ẹsẹ̀ yẹn, máa máa gbàdúrà, dádì ẹ̀ á máa fún un lómi mu, tí kò bá lọ sílẹ̀ ó di ọsibítù. Folic acid ẹ̀ ojoojúmọ́, oògùn ibà ẹ̀, a kì í fi ṣeré. Màmá mi àgbà tó jẹ́ CAC àtijọ́, àwọn tí kì í lo oògùn, ní omi àdúrà ti tó. Mo ní mà, ẹ gbàdúrà sómi yẹn dáadáa, òun ló máa fi gbé oògùn ẹ̀ mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà sí i.

Ó wá dijọ́ kan, ọmọ yìí bi mí pé mọ́mì, ṣé Ọlọ́run ń bínú sí mi ni? Ẹnu mi wọhò. Mo ní ó yá, jẹ́ ká bi wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó ní Ọlọ́run, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní mọ́mì, wọn ò dáhùn o. Mo ní èmi náà ti bi wọ́n títí. Ó ní kò burú, a tún máa bi wọ́n lọ́la. Ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí, ó ṣì ń bi wọ́n.

Bàbá Akọrin:
Ìyàwó mi ló kú ní tèmi. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé Olúwa ló fún ni, Olúwa ló gbà á. Òótọ́ ni, Jóòbù ló sọ bẹ́ẹ̀ ní orí kìíní, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣí orí kẹta níbi tí Jóòbù kan náà ti ń gégùn-ún fún ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn fún ọ̀fọ̀. Mò ń darí orin lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo bá délé mi ò lè gbàdúrà. Alàgbà kan ló wá kí mi tí ò wàásù, wọ́n ka Sáàmù 88, wọ́n lọ. Ẹ lọ wo ìparí ẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí halelúyà kankan ńbẹ̀. Òun ni mò ń gbà ládùúrà látìgbà yẹn. Mo máa ń sọ fún Un pé inú Ẹ ń bí mi. Tó bá dùn Ún, kò tíì sọ fún mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun. Pásítọ̀ àdúgbò wa ní ẹni tó nígbàgbọ́ ò nílò tẹ́ẹ̀sì genotype, ìyàwó mi ọ̀la sì ti gbà á gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Iléṣà:
Àbúrò, ẹ lọ ṣe é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà kankan, ẹ sì ṣe é níbi méjì torí èsì ibòmíì máa ń ṣì.

Ìyá Ìbejì:
Kẹ́ ẹ jọ lọ o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má gba ìwé tẹ́ẹ̀sì ìgbà tí ìyàwó yín wà ní yunifásítì lọ́wọ́ ẹ̀.