Títì tó fẹ̀ mítà 9 ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò síbi táwọn ọmọ ilé ìwé ń rìn: ṣé bọ́ǹpù á tó?

Ọmọ Takie:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Títì kan wà ládùúgbò wa tó já sí ọ̀nà Ìlọrin. Ọlọ́dà ni, ó fẹ̀ tó mítà 9, gọ́tà rẹ̀ kò sì ní ìdérí lápá méjèèjì. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn alátẹ sì pàtẹ dé etí gọ́tà. Orí ọ̀dà làwọn ọmọ ń rìn, níbi tí ọ̀kadà àti márúwá ti ń sáré. Ẹgbẹ́ àdúgbò ti fẹ́ dáwó jọ fún bọ́ǹpù mẹ́rin. Ṣé ìyẹn á tó? Ọ̀dọ̀ ta la ti máa gba àṣẹ?

Oníṣẹ́ Títì:
Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó yẹn. Fífẹ̀ títì gan-an ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Mọ́tò méjì tó ń pàdé níbi tí wọn ò ti sáré kò nílò ju mítà 6 lọ. Mítà 3 tó ṣẹ́ kù ló ń ki awakọ̀ láyà kó tẹná. Ẹ gba mítà kan ààbọ̀ lápá ọ̀tún, kan ààbọ̀ lápá òsì, kí ẹ to kẹ́ẹ̀bù, ìyẹn kọnkéré gbọọrọ etí títì, kó ga sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì da kọnkéré sẹ́yìn rẹ̀ dé gọ́tà. Bí ẹ bá bo gọ́tà náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á fẹ̀ bíi mítà 2.4. Ìyá tó pọnmọ tó tún ru igbá á lè ya ẹni tó ń bọ̀ níwájú láìsọ̀ sórí ọ̀dà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni omi. Kẹ́ẹ̀bù á dínà omi òjò tó ń lọ sí gọ́tà, omi á dúró lórí títì, ọ̀dà á sì ṣí. Ẹ fi ojú ihò sílẹ̀ lára kẹ́ẹ̀bù ní mítà 5-5, kí ẹ sì ti páìpù bọ abẹ́ kọnkéré láti ibẹ̀ dé inú gọ́tà.

Bọ́ǹpù ṣóńṣó tí wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ládùúgbò kì í dẹ́kun eré. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì níbẹ̀, á tún fà á lọ lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́kadà á sì gba etí rẹ̀ kọjá, níbi tí ọmọ ń rìn. Iwájú géètì ilé ìwé ni kí ẹ gbé títì sókè díẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 10, kí òkè rẹ̀ tẹ́jú tó mítà 4, kí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan ààbọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kó sì kan kẹ́ẹ̀bù lápá méjèèjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ fa ìlà síbírà sí, ìyẹn ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí eré má ju kílómítà 30 ní wákàtí kan lọ níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ bá ti dà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkọ̀ gbá lórí eré yẹn máa ń yè é, ṣùgbọ́n tó bá di 50, ewu ikú ti pọ̀ jọjọ.

Bíríkìlà:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti títì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdérí gọ́tà. Tí inú gọ́tà bá fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, kí ìdérí gùn tó 90, kó lè gùn lé ògiri méjèèjì ní 15-15. Fífẹ̀ 50, nínípọn 10. Níbi tí mọ́tò ń gbà wọlé, kó nípọn 15. Sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, inú nǹkan kan náà ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Róòdù mìlímítà 12, kí ẹ tò ó ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra.

Ẹ gbọ́ o: ìsàlẹ̀ ni róòdù ń gbé. Ẹ fi òkúta kéékèèké tì í sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ péré. Ìsàlẹ̀ ìdérí ló máa ń fà ya tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, tí róòdù bá wà lókè, kò ṣe nǹkan kan. Omi àpọ̀jù náà ń ba kọnkéré jẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje.

Ẹ fi róòdù ká ìkọ́ méjì tí ẹ ó máa fi gbé e sí ìdérí kọ̀ọ̀kan, kó wọnú kó má baà gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìdérí tó nípọn 10 tó kílò 108, ẹni mẹ́rin lè gbé e. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ pa rárá, torí ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i kó ìdọ̀tí kí òjò tó dé.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ló Lọ̀nà:
Ẹ má lé àwọn alátẹ, wọ́n á padà wá. Ẹ fa ìlà ọ̀dà ìyẹ́lò sórí ìdérí gọ́tà. Ọwọ́ ilé ni kí àtẹ wà, kí oníbàárà dúró sórí ìdérí gọ́tà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60, mítà 1.8 yòókù á ṣófo fún ìrìn. Ibi ìdúró ọ̀kadà kó jìnnà sí síbírà ní mítà 10, ọmọ kékeré kì í hàn lẹ́yìn ọ̀kadà tó tò.

Ní ti àṣẹ: ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìlọrin, tìjọba àpapọ̀ ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Títì àdúgbò àti gọ́tà wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, àfikún kẹrin, yàn fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ni yín tàbí Gúúsù, kí ẹ kọ̀wé, kí ẹ sì yàwòrán títì mọ́ ọn.

Kí ẹ tó da kọnkéré, ẹ dán an wò: ẹ to táyà tí yanrìn kún inú rẹ̀ sí ibi tí kẹ́ẹ̀bù máa wà, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wọn mítà 50 lórí títì, kí ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá 6 túmọ̀ sí kílómítà 30 ní wákàtí kan. Tí kò bá tó 4, ó ti lé ní 45. Ẹ ka ọkọ̀ 100 kí táyà tó débẹ̀, ẹ tún ka 100 lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi iye méjèèjì sínú lẹ́tà.

Ọmọ Takie:
Ẹ ṣeun gan-an, kí Olúwa bù kún yín. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ka ti àkọ́kọ́, nígbà táwọn ọmọ bá ń lọ sílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Títì, páìpù abẹ́ kọnkéré yẹn, ṣé ínǹṣì mẹ́rin á gbà á?

Oníṣẹ́ Títì:
Mẹ́fà ni kí ẹ rà. Ewé àti ọ̀rá omi á tètè dí mẹ́rin.