Àgbàrá yàtọ̀ sí omi ìdọ̀tí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe sí ìlànà àyẹ̀wò omi ní bárékè ológun kan ní Amẹ́ríkà. Omi ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná, àti omi òjò tó ń ṣàn kúrò lórí ilẹ̀, "omi ìdọ̀tí" ni wọ́n pe gbogbo rẹ̀. Ẹ dákun, mi ò fara mọ́ ọn.

Èyí tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ ti lórúkọ tipẹ́: àgbàrá ni. Ta ni kò mọ ojú àgbàrá n'Íbàdàn? Ẹnìkan fèsì pé ó gbọ́dọ̀ le kó tó lè jẹ́ àgbàrá. Rárá o. Èyí tó le débi tó fi ń gbé ilé lọ, omíyalé là ń pè é, bíi ti Ògùnpa ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980. Àgbàrá lè má ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àyẹ̀wò wọn kò rí bákan náà. Omi ilé ìwẹ̀ ń jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àgbàrá ń dúró de òjò. Ìlànà EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, fún àgbàrá ibi iṣẹ́ ni pé kí wọ́n bù ú láàárín 30 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó bá ń ṣàn jáde, kí òjò tó ṣáájú sì ti dá fún 72 wákàtí ó kéré tán. Mo fojú ara mi rí ohun tó fà á, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Òjóò. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, omi tó ń ti abẹ́ ọkọ̀ jáde dúdú, ọ́ìlì léfòó lójú rẹ̀, ó ń ṣe àwọ̀ òṣùmàrè. Kò tó wákàtí kan, ó ti pupa bí amọ̀, ọ́ìlì ti lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bù ú nígbà yẹn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ mọ́! Ní bárékè tí epo ọkọ̀ òfuurufú wà, tí fóòmù ìpaná ti ń da àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS, tí ojú ò lè rí, sílẹ̀, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Fún omi ilé ìwẹ̀, mo fara mọ́ "omi àlòkù". Bí a bá ti pè é ní ìdọ̀tí kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí la tún ń yẹ̀ wò? Àwọn kan ní àlòkù ń fi hàn pé a tún lè lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni: omi tí ìyá mi fi fọ aṣọ ni wọ́n máa ń fi fọ ẹ̀yìnkùlé.

"Ìtọ́wò" tí ìtumọ̀ náà lò fún omi tí a bù lọ sí yàrá àyẹ̀wò ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹnu là ń fi í tọ́ nǹkan wò. Ọmọ tó bá ka èyí nínú ìwé lè rò pé ẹnu ni wọ́n fi kan omi náà. Ẹ jẹ́ kí á lo "ìbùwò".