Géèmù Ìkọlura Ọkọ̀ Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Ojú Wa Rí Nínú Rẹ̀

Láti Àkúrẹ́

Mo ní ilé géèmù kékeré kan nítòsí Ọ̀nà Oyèmẹ́kùn, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì àti panẹ́lì-bítà ládùúgbò wa. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá lórí PlayStation 2, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n gbá lè jókòó ti pádì láti ọ̀sán di alẹ́ nígbà tí àwọn yòókù á kàn máa wò ó. Nítorí èyí ni mo ṣe lọ ra géèmù ìkọlura ọkọ̀ kan ní Ọjà Ọba, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n máa ń kó sínú páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù tí owó wọn kò tó nǹkan, kí ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá náà lè rí nǹkan ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀, àléébù wọn sì jọra.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà fúnra rẹ̀: ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe é níbi àfihàn àgbẹ̀ ọdọọdún, àwọn awakọ̀ a máa wa ògbólógbòó ọkọ̀ wọnú pápá kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo gíláàsì rẹ̀ kúrò, wọn a sì máa mọ̀ọ́mọ̀ kọlu ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ṣì lè rìn. Wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ gbá ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹni tó gbọ́n kì í sì í fi iwájú gbá ọkọ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn, búùtù ló fi ń fọ́ iwájú ẹlòmíràn, nítorí iwájú ni rédíétọ̀ wà, bí rédíétọ̀ bá sì ti fọ́, omi á dà nù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, eré ti parí nìyẹn.

Àwọn tó mọ bí a ṣe ń ṣe géèmù irú eré yìí dáadáa ti mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú Destruction Derby, tí ilé iṣẹ́ Reflections ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1995 fún PlayStation àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n bá ti gbá ọkọ̀ ni yóò ti bàjẹ́, ìbàjẹ́ náà a sì máa hàn nínú bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Èyí tí mo rà jáde ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ kò mú ẹ̀kọ́ yìí rárá.

N kò ní í ṣàbòsí, ìkọlù àkọ́kọ́ dùn ún wò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì á ká sókè, bọ́ńpà á já, ariwo irin á sì gba inú yàrá kan. Ohun ìdarí rẹ̀ rọrùn débi pé ọmọ tí kò tíì mú pádì rí á ti máa ṣe é kíá. Eré kan kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, èyí sì dára púpọ̀ fún èmi tí mò ń gba owó ní eré kọ̀ọ̀kan, ní ìlú tí iná lè lọ nígbàkigbà.

Ọ̀gá panẹ́lì-bítà kan ló tú àṣírí rẹ̀. Ó wá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì dúró lẹ́yìn àga, ó ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti gbá ọkọ̀ yẹn. Kí ló wá ká bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀?” Ọmọ náà ní, “Ọ̀gá, bó ṣe máa ń ká nìyẹn, ibi yòówù kí wọ́n ti gbá a.” Ó tún gbá òmíràn láti ẹ̀yìn kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ká, ìkákò kan náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹni tó ya ọkọ̀ yìí kò tíì bá wọn na irin rí.

Láti ọjọ́ náà ni ojú wa ti là sí i. Rédíétọ̀ kò sí nínú rẹ̀, torí náà ẹni tó ń fi iwájú gbá kiri kò pàdánù ohunkóhun, ẹni tó fi ọgbọ́n rìn sẹ́yìn kò sì jèrè ohunkóhun. Èyí tó burú jù ni àwọn ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń wà. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú pápá, ìwọ nìkan ni gbogbo wọn ń wá. Wọ́n á fo ara wọn dá bí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wá rí i pé bí èèyàn bá lọ dúró sẹ́yìn òpó kan ní igun pápá, gbogbo wọn á máa sáré wá forí sọ òpó náà títí wọ́n á fi kú tán, tí ìwọ tí o kò gbá ẹnikẹ́ni á sì gba ife. Ta ló tún fẹ́ sanwó fún ìyẹn? Ariwo ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀rọ ìlọta gan-an ni.

Síbẹ̀, bí èèyàn méjì bá pín ojú tẹlifíṣàn sí méjì, tí wọ́n sì yọ ọkọ̀ ẹ̀rọ kúrò, géèmù náà ń dùn. Èèyàn ló mọ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀tàn, bí a ṣe ń sá, àti bí a ṣe ń gbẹ̀san. Báyìí nìkan ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, owó tí mo sì fi rà á ti padà.

Láti Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àkúrẹ́, òdodo lẹ sọ nípa ọkọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa eré ìje inú rẹ̀, bóyá nítorí pé àwọn oníbàárà yín kì í dé ibẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ṣe é nílé wa ní Yàbá, ní Oǹdó níbí, títí ó fi sú wa. Ojú ọ̀nà kò tó nǹkan, wọ́n kàn ń yí àwọ̀ ojú ọ̀run padà ni. Àkókò tí a sì fi ń dúró kí ó ṣí sábà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó eré fúnra rẹ̀.

Mo ti ṣe Wreckfest, géèmù ìkọlura ọkọ̀ mìíràn, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan. Ilé iṣẹ́ Bugbear ní Finland, tí wọ́n ṣe FlatOut ní 2004, níbi tí awakọ̀ ti ń fò gba gíláàsì iwájú jáde, ló ṣe é, ó sì jáde pátápátá ní 2018. Nínú rẹ̀, èèyàn lè fi irin kún ara ọkọ̀ kí ó lè le, ṣùgbọ́n irin náà á mú un wúwo, kò sì ní í lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo kà sí géèmù nìyẹn, kí èèyàn ní láti yàn. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tó lè gbé e kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, bí wọ́n bá sì gbé ti olówó pọ́ọ́kú yẹn síwájú mi lálẹ́ òní pẹ̀lú pádì méjì, màá jókòó. Ṣé pádì yín ṣì ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbá ọkọ̀? Tiwa kì í gbọ̀n, a kò sì mọ̀ bóyá géèmù ló fà á tàbí pádì.