Ọmọ mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà

Ìbéèrè, láti Bristol:

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 17, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ajórinmọ́rin ní Hinkley Point C ní Somerset. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá kọ́ ibẹ̀ tán, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ ọ̀la?

Ìdáhùn, láti Suffolk:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ríákítọ̀ ńlá méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè ooru núkílíà tí a fi ń ṣe iná, ni wọ́n ń kọ́ ní Hinkley, irú wọn méjì mìíràn sì ni ti Sizewell C tí ó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ìnáwó rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025; nítorí náà, ohun tí ọmọ yín bá kọ́ lọ́hùn-ún yóò wúlò fún un níbí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ríákítọ̀ kéékèèké ti Rolls-Royce, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa pèsè mẹ́gáwáàtì 470, tí ìjọba sì ti yan Wylfa ní erékùṣù Anglesey fún. Inú ilé iṣẹ́ ni wọn yóò ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà wọn kí wọ́n tó kó wọn lọ tò síbi tí wọn yóò wà. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ni yóò máa jó púpọ̀ nínú irin wọ̀nyẹn, nítorí náà kí ọmọ yín kọ́ bí a ṣe ń yẹ ojú ìjórin wò mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé àwọn kéékèèké yìí nìkan o: ní ọdún 2023, wọ́n pa irú rẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Idaho, ní Amẹ́ríkà, tì, nítorí pé owó rẹ̀ ga, àwọn tí yóò ra iná náà kò sì pọ̀ tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọsẹ̀ ni àyẹ̀wò ààbò. Wọn yóò béèrè ohun tí ènìyàn ṣe fún ọdún 3 sẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn odi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Odidi oṣù 4 ni mo fi jókòó sílé, nítorí pé n kò ní ìwé kankan tí ó fi hàn pé Abẹ́òkúta ni mo wà nígbà tí mo lọ tọ́jú bàbá mi.

Ìbéèrè, láti Bristol:

Ẹ ṣeun gan-an. Oṣù 8 ni ó lò lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, ó sì lọ sí ilé ìwé níbẹ̀.

Ìdáhùn, láti Suffolk:

Ẹ tètè gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé náà, kí ọjọ́ tí ó wọlé àti ọjọ́ tí ó kúrò hàn nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú, kí gbogbo ọjọ́ náà sì bára mu kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀.