Tíì gbígbóná dà sí ọmọ oníbàárà lára ní ṣọ́ọ̀bù mi

Ìyá Ṣeun (Ògbómọ̀ṣọ́, Leeds tẹ́lẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí mo ti padà wálé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n ò kàn ráyè dá sí i. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G ní Sátidé tó kọjá tí n ò lè dákẹ́ sí, pàápàá nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ohun mímu ní ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún.

Tíì, kọfí, búrẹ́dì àti ẹyin díndín ni mò ń tà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá kan wọlé tòun ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì ó lé díẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbé tíì sí etí tábìlì fún ìyá. Kí ìyá tó gbójú sókè, ọmọ ti fa aṣọ tábìlì. Tíì ya sí i lára láti èjìká dé ọrùn ọwọ́.

Kí n tó sáré dé láti ẹ̀yìn, ẹnì kan ti ń fọ́ ẹyin tútù, ẹlòmíràn ní kí wọ́n bá òun mú epo pupa wá, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan sì na ọṣẹ ìfọyín sí mi. Àánú ọmọ ló ń ṣe gbogbo wọn, ohun tí wọ́n bá nílé ni wọ́n fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan kàn án. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ tó wú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i.

Omi ẹ̀rọ ò yọ láti Ọjọ́rú. Ike ńlá tí mo ń pọnmi sí ni mo ń fi kọ́ọ̀pù bù. Nígbà tó lọ sílẹ̀, a ń já piọ́ wọ́tà, èyí tí kò wọ fíríìjì. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa wo aago: 20 ìṣẹ́jú gbáko. Ẹ ò mọ bó ṣe ń gùn tó tí ọmọ bá ń ké lọ́wọ́ ẹni! Gbogbo èrò ń pariwo pé kí n dá ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé e lọ ọsibítù. Mo fi aṣọ gbígbẹ bo àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òtútù má bàa mú un, mo ń da omi mi lọ. Lẹ́yìn náà la fi ọ̀rá tín-ín-rín tí mo fi ń wé búrẹ́dì, èyí tuntun, tẹ́ ojú iná náà, a sì gbé e lọ. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló da omi sí i, ó sì tó ìgbà wo.

Leeds ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ kan ní Leeds náà, kọfí jó oníbàárà lọ́wọ́, a ṣí àpótí fáàsì-éèdì tó wà lára ògiri, bándéèjì méjì péré la bá ńbẹ̀. Ọ̀gá wa tún ní ká má kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ni òfin ibẹ̀ sọ gan-an?

Bàbá Kọ́lá (Leicester)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ọmọ náà. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ nípa England.

Òfin fáàsì-éèdì ti ọdún 1981 kan àwọn òṣìṣẹ́ ni. Bó o bá gba ẹyọ ẹnì kan síṣẹ́, ó kéré tán, o gbọ́dọ̀ ní àpótí tó péye àti ẹni tí a yàn láti máa bójú tó o, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ ibi tó wà. Òfin yẹn ò fi dandan mú ọ ní ti oníbàárà, ṣùgbọ́n HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, rọ̀ wá gidigidi pé ká ka oníbàárà mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí sọ pé oníbàárà ò kan òun o! Òfin ọdún 1957 wà tó ní kí ẹni tí ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀ tọ́jú ẹni tó wọlé síbẹ̀ kó má ṣèṣe, ti ọdún 1974 náà wà fún ẹni tó ń ṣòwò. Ti 1957 yẹn tún ní kó o retí pé ọmọdé ò ní kíyè sára bí àgbà. Nítorí náà aṣọ tábìlì àti kọ́ọ̀pù létí tábìlì, Ìyá Ṣeun, ibẹ̀ ni wọn ó ti bi wá léèrè.

Tí wọ́n bá gbé oníbàárà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ tààrà lọ ọsibítù láti tọ́jú ìpalára tí iṣẹ́ rẹ fà, o gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí. RIDDOR ni wọ́n ń pè é, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín lọ́jọ́ náà gan-an: aago mélòó, ta ló wà ńbẹ̀, kí lẹ ṣe. Ọdún mẹ́ta ni àgbà ní láti pe ẹjọ́, ti ọmọdé ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tó bá pé ọdún 18. Ọmọ ọdún méjì lónìí lè dé kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́jìdínlógún. Ta ni yóò rántí nígbà náà bí kò bá sí lákọsílẹ̀?

Mufu (Manchester)

Bàbá Kọ́lá, ẹ ṣeun sà. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ta tíì àti àkàrà. Ẹnì kan sọ fún mi pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, n ò gbọ́dọ̀ sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́", pé ó túmọ̀ sí pé mo ti gbà pé mo jẹ̀bi. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Kọ́lá (Leicester)

Mufu, má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Òfin kan wà ní England àti Wales láti ọdún 2006, ó ní bíbẹ ènìyàn tàbí fífi ìtọ́jú lọ̀ ọ́ nìkan ò sọ ọ́ di ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ẹni tí omi gbígbóná jó tí kò ní kí i pẹ̀lẹ́? Kí i dáadáa, da omi sí i, kí o sì pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, tó bá le. Àlàyé pé ta ló ṣe é, fi ìyẹn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ. Adójútòfò fún oníbàárà kì í ṣe dandan lábẹ́ òfin, àmọ́ má jáde láìní in. Èyí tó jẹ́ dandan ni ti òṣìṣẹ́, tó gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Birmingham)

Ìyá Ṣeun, mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ yín. Mò ń rí àwọn tí wọ́n ti fi bọ́tà àti ẹyin kùn. Àwa la kọ́kọ́ máa ń fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó rí ojú egbò, ọmọ á sì tún jẹ ìrora ẹlẹ́ẹ̀kejì. Epo ń sé ooru mọ́ inú ara ni. Kòkòrò àìsàn wà nínú ẹyin tútù. Yìnyín náà ò dáa, ó lè tún ba awọ jẹ́.

Bó bá ti pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó rí omi, ẹ ṣì dà á: ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di wákàtí mẹ́ta. Tí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ má bẹ́ èyí tó lé tó gbomi. Ọ̀rá yẹn, títẹ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ, ẹ má wé e yí ọwọ́ ká, nítorí ọwọ́ ń wú. Ojú, àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀, oríkèé, ojú ara, tàbí èyí tó bá fẹ̀ ju ọwọ́ ẹni náà lọ, ọsibítù ni.

Bí ohun mímu ṣe ń gbóná tó ńkọ́? Omi tó wà ní 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè jó àgbà jinlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Ní 70, ìṣẹ́jú-àáyá kan tó. Awọ ọmọdé tín-ín-rín ju tiwa lọ. Tíì tí ẹ pò ní ìṣẹ́jú 15 sẹ́yìn ṣì lè jó ọmọ ọwọ́.

Akin (Chicago)

Níbí, ẹjọ́ ìyá kan tí kọfí McDonald's dà sí lára làwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ojúkòkòrò ló mú ìyá yẹn. Mo ka ọ̀rọ̀ náà, ó ká mi lára. Ẹni ọdún 79 ni, ní Albuquerque, lọ́dún 1992. Kọfí náà gbóná tó 82 sí 88 Celsius, wọ́n gé awọ ibòmíràn lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀. 20,000 dọ́là ló kọ́kọ́ béèrè, wọ́n fi 800 lọ̀ ọ́. Kóòtù tún rí i pé èèyàn tó lé ní 700 ti fẹjọ́ sùn wọ́n láàárín ọdún mẹ́wàá pé kọfí wọn jó àwọn.

Bàbá Kọ́lá (Leicester)

Òótọ́ ni, Akin, ìyá yẹn sì jàre. Ṣùgbọ́n ní London ní 2002, àwọn tó pe ilé-iṣẹ́ kan náà lẹ́jọ́ pàdánù. Adájọ́ ní gbígbóná làwọn èèyàn fẹ́ tíì wọn, kọ́ọ̀pù àti ìdérí sì dára tó. Ẹ wá wò ó, bí ìdérí bá ń ṣí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tẹ ìdérí yíká kí n tó na kọ́ọ̀pù séèyàn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Takie, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ẹyin tútù lèmi fi kun ọmọ mi nígbà kan, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ẹ̀kọ gbígbóná tí mò ń dà fún oníbàárà láràárọ̀, ṣé omi náà ni?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Birmingham)

Ẹ má bínú sí ara yín, màmá. Omi náà ni, mà. Ẹ̀kọ tilẹ̀ burú ju tíì lọ torí ó ń lẹ̀ mọ́ ara, kì í tètè tutù. Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn án kúrò, ẹ má fi ọwọ́ ha á.

Ìyá Ṣeun (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bí ẹ bá ń wí pé ta ló máa peni lẹ́jọ́ nílé, òfin FCCPA ti 2018 wà ní Nàìjíríà náà tó ń gbèjà oníbàárà. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kọ́ ló wà lọ́kàn mi ṣáá, ọmọ yẹn ni.

Ìyá rẹ̀ gbé e wá lánàá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú bándéèjì, àmọ́ ó ń fi èkejì jẹ búrẹ́dì. Mo ti ká gbogbo aṣọ tábìlì. Àárín tábìlì la ń gbé tíì sí báyìí, ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ń sọ pé "ó gbóná o" kó tó fọwọ́ kúrò. Mo ra ike omi kejì sẹ́yìn káńtà. Mo kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bu omi inú rẹ̀ fọ abọ́.