Ṣé kí ọmọ mi yọ ọ̀rọ̀ Màmá kúrò nínú àròkọ tó fẹ́ fi wá ààyè ní yunifásítì?

Ìyá Àìná (Maryland)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Àìná, àkọ́bí wa, wà ní kíláàsì kejìlá. Ó mọ̀wé gan-an, ó gba 1480 nínú 1600 nínú ìdánwò SAT. Ó fẹ́ wá ààyè sí Harvard, Johns Hopkins àti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa. Àròkọ rẹ̀ dá lórí ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Yorùbá nìkan ni Màmá gbọ́, Àìná ló máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló ń túmọ̀. Ó kọ bí nọ́ọ̀sì kan ṣe ń bá Màmá sọ̀rọ̀ bíi pé wọn ò lọ́pọlọ, àti bí ìyẹn ṣe mú un pinnu pé iṣẹ́ ìṣègùn lòun máa ṣe.

Bàbá rẹ̀ ní kó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ ti fòfin de ọ̀rọ̀ àwọ̀, pé tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ pé àwọ̀ ló gbé e wọlé, kì í ṣe ọpọlọ. Èmi ò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dìjà nílé. Kí ni òfin sọ gan-an? Ṣé kó sì fi 1480 yẹn ránṣẹ́? A gbọ́ pé 1500 lọ sókè ni wọ́n ń wò.

Lọ́yà Jersey

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ bá mi kí Bàbá, àmọ́ ohun tí wọ́n gbọ́ kò pé. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Students for Fair Admissions pe Harvard àti Yunifásítì North Carolina. Láti ìgbà ẹjọ́ Bakke lọ́dún 1978 ni wọ́n ti gbà kí yunifásítì ka ẹ̀yà ọmọ mọ́ ohun tí wọ́n ń wò, kí onírúurú ènìyàn lè wà nínú kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ya iye ààyè kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kankan. Ọdún 2023 ni ìyẹn parí. Tí Àìná bá fa igi sí ibi tí wọ́n kọ adúláwọ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù, wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ ṣojúure sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n John Roberts, olórí àwọn adájọ́, tó kọ ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀, sọ níbẹ̀ pé òun ò ní kí wọ́n má ka ohun tí ọmọ bá kọ nípa bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ayé rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyà tó jẹ tàbí ìwúrí tó rí. Ohun tó kìlọ̀ fún wọn ni pé kí wọ́n má gba ẹ̀yìn àròkọ padà sídìí ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, ìgboyà rẹ̀ àti ohun tó lè ṣe, ni kí wọ́n wò. Ọmọ tó dúró láàárín dókítà àti ìyá ìyá rẹ̀, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ oògùn, iṣẹ́ ló ṣe yẹn. Kó fi í sílẹ̀ síbẹ̀!

Tíṣà Baltimore

Ẹ fi 1480 yẹn ránṣẹ́, mà. Ní Harvard, dandan tiẹ̀ ni látìgbà tí wọ́n ti dá ìdánwò padà lọ́dún 2024. Yunifásítì MIT ti ṣáájú wọn lọ́dún 2022. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ìdánwò ń jẹ́ káwọn rí ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lówó, tí ilé ìwé rẹ̀ ò ní àwọn kíláàsì gíga, àmọ́ tó mọ ìṣirò. Ìwádìí tí yunifásítì Dartmouth ṣe tún fi hàn pé àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ń fi máàkì bíi 1400 pa mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́, torí wọ́n ń fi máàkì ọmọ wé ti ilé ìwé tó ti wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé Àìná pé èló ni àwọn tó kù ń gbà.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n á sọ pé àwọ̀ ló gbé e wọlé dùn mí. Nínú ẹjọ́ Harvard yẹn kan náà ni a ti rí i pé nínú ọmọ àwọn tó ti ka ìwé níbẹ̀ rí, bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń gbà, nígbà tí gbogbo ènìyàn lápapọ̀ ò ju bíi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n gbà, ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ eléré ìdárayá, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ọmọ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tàbí ẹni tí ọ̀gá àgbà ní ìfẹ́ sí. Ta ló ń bi àwọn yẹn nínú kíláàsì pé ṣé ọpọlọ ló gbé wọn débẹ̀? Ìpínlẹ̀ Maryland wa níbí fòfin de ojúsàájú ọmọ akẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́dún 2024. Hopkins ti jáwọ́ ńbẹ̀ kí òfin tó dé.

Bàbá Houston

Ẹ jẹ́ n gbè sẹ́yìn ọkọ yín díẹ̀. Lọ́dún 2004, Lani Guinier àti Henry Louis Gates, tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, là á mọ́lẹ̀ pé púpọ̀ jù lọ nínú adúláwọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tó ti Áfíríkà àti Caribbean wá. Àwọn tí baba ńlá wọn ṣẹrú nílẹ̀ yìí, tí wọ́n tìtorí ìyà wọn dá ètò kíka ẹ̀yà mọ́ ohun tí yunifásítì ń wò sílẹ̀, kéré níbẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ dijú sí ìyẹn. Àwa la ní káàdì dókítà àti ìwé ẹ̀rí ọ̀jọ̀gbọ́n nílé.

Òfin Texas ti ọdún 1997 ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ tó bá wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé ìwé rẹ̀ máa wọ yunifásítì ìjọba láìsí àríyànjiyàn, yálà ó ti abúlé lẹ́bàá Mẹ́síkò wá tàbí láti àdúgbò olówó ní Dallas. Yunifásítì Texas tó wà ní Austin nìkan ló ti dín tiẹ̀ kù, torí èrò pọ̀ jù.

Lọ́yà Jersey

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹ tún wo èyí ná. Nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lẹ́yìn ìdájọ́, adúláwọ̀ ní MIT já láti bíi 13 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Harvard já láti 18 sí 14. Ní Yale, 14 ló wà, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ẹni tó bá wá sọ fún Àìná pé àwọ̀ ló gbé e wọlé, kò ka òfin.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ní tiwa níbí, lọ́dún 2013, ọmọ Anambra tó fẹ́ wọ ilé ìwé Unity ti ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gba máàkì 139, ọmọkùnrin Zamfara sì ń wọlé pẹ̀lú 4. Inú bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi. Mo gbà kí a wo ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí ilẹ̀ wà tí a ò ní gbẹ́ kọjá. Ọmọ tó gba 1480, ṣé ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ fún un ni?

Ìyá Àìná (Maryland)

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá ka gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti gbà kí Màmá wà nínú àròkọ, wọ́n kàn ní kó dín ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kù, kó fi kún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ti Texas náà wù wọ́n. Owó ló kù tó ń dẹ́rù bà wá báyìí. Ohun tí àwa méjèèjì ń gbà lọ́dún lé díẹ̀ ní $110,000.

Tíṣà Baltimore

Bí wọ́n bá gbà á sí Harvard, ẹ ò ní san owó ilé ẹ̀kọ́ rárá. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìdílé tí owó wọn kò ju $200,000 lọ, tí dúkìá wọn kò sì pọ̀ jù, kò san án. Oúnjẹ àti ibùgbé lẹ máa san díẹ̀ fún níbẹ̀. Orí ìkànnì yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ibi tí ẹ ti lè ṣírò iye tó máa kàn yín wà, ẹ ṣe é lálẹ́ òní, ẹ fi ti Hopkins àti ti ìpínlẹ̀ wa wé e. Ẹ fi sọ́kàn pé kò lè wá ààyè ìṣáájú (èyí tí wọ́n ń wá kí gbèdéke gbogbogbòò tó dé) sí Harvard àti Hopkins pa pọ̀. Ti Hopkins jẹ́ àdéhùn: tí wọ́n bá gbà á, ibẹ̀ ló ń lọ. Ti Harvard ò so ó mọ́lẹ̀, òun ni màá yàn, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá sì ni gbèdéke rẹ̀.